Ebi Pa Wọ́n Níwájú Oúnjẹ: Bí Ẹja Omi Iyọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Jẹ Oúnjẹ Gbígbẹ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe IT rí ní oko tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ yóò mọ agolo Artemia. Agolo náà kò tóbi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń dun ọ̀gá oko, ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí kì í sì í ṣe ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń dé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí iyanrìn kíkúná tó pọ́n díẹ̀. Ẹyin ni, ẹyin edé tíntìntín kan tó ń gbé inú omi iyọ̀. Ẹ bu ṣíbí kan sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ẹyin náà ti di ohun ẹlẹ́mìí tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni ọmọ àrọ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ kó tó mọ oúnjẹ gbígbẹ jẹ.

Ní oko tí mo ti ṣe tèmi, Artemia tán lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa sì ní kí a máa da oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú fún àwọn ọmọ ẹja tí wọn kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin. A dà á. Oúnjẹ léfòó, oúnjẹ rì, omi dọ̀tí, àwọn ọmọ ẹja sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń la ọjà kọjá láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òkú ni a ń fi àwọ̀n kó. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé oúnjẹ wà níwájú wọn títí wọ́n fi kú.

Ọ̀gá wa ní àlàyé tirẹ̀: "Alágídí ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé ilé ìkàwé nígbà tí mo padà sí ọgbà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, àti pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù kì í ṣe àwa tí à ń sin àrọ̀. Àrọ̀ kò tilẹ̀ ṣòro; tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan díẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá jù sí i ló ń gbé mì. Àwọn tó ń sin ẹja òkun sínú àpótí dígí, ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń kó láti ibi òkúta iyùn, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà dùn dé egungun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pe ẹja wọn ní alágídí kí wọ́n tó gbà pé ẹja tó kọ oúnjẹ ń sọ nǹkan fún wọn. Ìtàn bí wọ́n ṣe gbọ́ ohun tó ń sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Westminster Abbey, kó iyùn ààyè láti etí òkun wá sílé, ó sì ń tọ́jú wọn sínú omi òkun. Kí omi má bàa kú, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ a máa da á láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. (Ìwé ìtàn rántí ìyàwó àlùfáà, kò rántí orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀.) Ní 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà, kọ ọ́ síwèé pé tí ewéko inú omi bá wà pẹ̀lú ẹja, omi lè pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ní 1853 wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún kejì rẹ̀ Philip Henry Gosse gbé ìwé rẹ̀ jáde, *The Aquarium*, àṣà náà sì gba ìlú kan bí iná ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ nípa ẹja tó kọ oúnjẹ púpọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹran etí òkun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sin: akàn, anemone, àwọn ẹja kéékèèké tó ń gbé inú kòtò omi láàárín àpáta. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣa oúnjẹ. Ẹ gé ẹran sí wẹ́wẹ́, ẹ nà án sí anemone, ó ti gbà á. Ìṣòro wọn nígbà náà ni omi, kì í ṣe oúnjẹ. Àfi ìgbà tí ẹja ilẹ̀ olóoru bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú dígí ni ọ̀rọ̀ yí padà, ìyẹn sì gbà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Láàárín ìgbà yẹn ni Artemia wọlé, ọ̀nà San Francisco ló sì gbà. Wọ́n ṣí Steinhart Aquarium sínú ọgbà Golden Gate níbẹ̀ ní 1923, Alvin Seale sì ni alábòójútó rẹ̀. Seale kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sójú kan. Òun ló kó ẹja tó ń jẹ ìdin ẹ̀fọn láti Texas lọ sí Hawaii ní 1905, ó sì ti ṣe olórí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹja ní Manila nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso Philippines. Nítòsí San Francisco ni àwọn adágún kan wà tí wọ́n ti ń jẹ́ kí oòrùn gbẹ omi òkun kí iyọ̀ lè ṣẹ́ kù. Ẹja kì í lè gbé inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí Artemia fi rí ibẹ̀ gbé: kò sí ọ̀tá tí yóò jẹ ẹ́. Tí omi bá fẹ́ gbẹ tán, abo á yé ẹyin tó ní èèpo líle, ẹyin náà á sì wà ní gbígbẹ fún ọdún púpọ̀ láìkú. Ní 1933 Seale kọ ọ́ síwèé pé edé yìí jẹ́ oúnjẹ ààyè tó tẹ́ ẹja lọ́rùn. Ní 1939, Gunnar Rollefsen ní Norway kọ tirẹ̀ nípa bí òun ṣe fi àwọn ọmọ Artemia tọ́ ọmọ ẹja òkun. Lónìí ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń tà káàkiri ayé ń wá láti Great Salt Lake, adágún ńlá kan ní Utah.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí àárín ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Nígbà tí Artemia wà nínú agolo, oúnjẹ gbígbẹ ni. Ẹ lè gbé e sórí pẹpẹ bí ìrẹsì, ẹ lè fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé iwájú ẹja, ó ń mira. Ohun tí Seale àti Rollefsen rí ni ọ̀nà láti fún ẹja òkun ní ohun gbígbẹ láìjẹ́ pé ẹja mọ̀ pé ó gbẹ rí. Ìgbésẹ̀ tó kù, ìyẹn kí ẹja jẹ ohun tó gbẹ tó sì kú, ló wá gba gbogbo ìyókù ọ̀rúndún náà.

Àwọn tó ń sin ẹja odò kò ní ìyọnu yìí. Látẹ̀yìnwá ni wọ́n ti ń ta ọmọ èèrà gbígbẹ àti kòkòrò omi gbígbẹ fún ẹja wúrà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Ulrich Baensch, onímọ̀ kan ní Jámánì, dá ilé-iṣẹ́ Tetra sílẹ̀, ní 1955 ó sì gbé TetraMin jáde: oúnjẹ pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí èépá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ ni pé wọ́n á po ẹja, edé, ọkà àti fítámìn pọ̀ di ọ̀rìnrìn, wọ́n á tẹ́ ẹ sára irin roboto gbígbóná tó ń yí, yóò gbẹ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ há a kúrò. Ẹja odò tẹ́wọ́ gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ́ kí kòkòrò já bọ́ sójú omi láti orí igi, nítorí náà ohun pẹlẹbẹ tó léfòó kò ṣàjèjì sí wọn. Lójijì, ẹni tó ń gbé àjà kẹrin ní ìlú ńlá lè sin ẹja láìlọ wá kòkòrò sí odò kankan.

Ẹ wá gbé oúnjẹ yẹn fún ẹja ibi òkúta iyùn. Ní ilé rẹ̀, ibi àpáta ló ti ń ṣa oúnjẹ: ó ń gé ewé òkun, ó ń já orí iyùn, ó ń lé edé tíntìntín nínú kòtò. Kò sí igi lórí òkun. Ohun tó léfòó lójú omi kò ní ìtumọ̀ kankan fún un.

Síbẹ̀, ọdún wọ̀nyí gan-an ni ẹja òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn ènìyàn. Ní 1959, Robert Straughan ní Florida gbé ìwé kan jáde nípa sísin ẹja omi iyọ̀ nínú ilé, tó fi han àwọn ènìyàn bí omi ṣe lè máa gba abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kọjá kó sì mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960, iyọ̀ alápòpọ̀ tí ènìyàn lè yọ́ sínú omi ẹ̀rọ dé ọjà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jìnnà sí òkun náà lè ní òkun tirẹ̀. Bàálù sì ń fò láti Manila.

Manila ni ìbànújẹ́ ìtàn yìí wà. Láti àwọn ọdún 1960, àwọn apẹja kan ní Philippines bẹ̀rẹ̀ sí fún omi cyanide sínú ihò àpáta kí ẹja lè dákú, kí wọ́n lè fọwọ́ gbé e. Ẹja tó bá jí lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Wọ́n á gbé e fún oníbàárà kan, ẹni yẹn á gbé e fún olùfiránṣẹ́, olùfiránṣẹ́ kò sì ní fún un lóúnjẹ kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbẹ́ ẹja nínú ọ̀rá omi lè pa á lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ló di ti bàálù, ti ilé ìtajà, ti àpótí dígí. Ẹ kà á: ẹja tí wọ́n ti fún ní májèlé, tí kò tíì jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹ̀rù ń bà, ni ẹnìkan dúró tì ní Chicago tàbí Frankfurt tó ń da oúnjẹ pẹlẹbẹ sí lórí. Nígbà tó bá kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ní alágídí ni. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn àjọ kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn apẹja náà bí wọ́n ṣe lè padà sídìí àwọ̀n. Èmi kò dá apẹja lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tó ń ta ẹja ẹlẹ́wà ní owó péréte kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó rà á ní owó gọbọi kò béèrè ibi tó ti wá.

Àwọn tó ní sùúrù láàárín wọn dá ọgbọ́n, ọgbọ́n náà sì jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kò sí ìyá tó ń gbé ọmọ láti orí ọmú bọ́ sídìí iyán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ògì ló wà láàárín. Edé tí wọ́n ti dì ní yìnyín ni ògì ẹja. Ẹja tuntun á kọ́kọ́ jẹ Artemia ààyè. Tó bá ti ń sáré wá pàdé rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fi èyí tó ti dì sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń ti omi máa gbé e kiri, kó lè dà bíi pé ó ń rìn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ oúnjẹ oníwóró sínú omi tó yọ́ lára edé náà, wọ́n á pò ó mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba lónìí, kó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wóró tó ti rẹ̀ máa ń rì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì rọ̀ lẹ́nu; èyí tó le máa ń mú kí ẹja gbé e, kó tutọ́ rẹ̀ jáde. Ohun mìíràn tó tún ń ṣiṣẹ́ ni láti fi ẹja tó ti mọ oúnjẹ náà jẹ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá bù ú jẹ, èkejì á sún mọ́ ọn wá wò. Àwa tí a ti jókòó sí kàntíìnì láìní èrò láti jẹun, tí ọ̀rẹ́ wa sì ṣí abọ́ níwájú wa, mọ irú ìyẹn. Àwọn kan máa ń fún áyù sí oúnjẹ náà, wọ́n sì ń búra fún un. Èmi gbà pé omi edé ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń yin áyù fún.

Ìdí tí omi edé fi ń ṣiṣẹ́ hàn ní Aberdeen, ní Scotland. Ní 1978, Mackie àti Adron, àwọn onímọ̀ méjì níbẹ̀, gbé èsì ìwádìí wọn jáde lórí turbot, ẹja pẹlẹbẹ kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun. Ìbéèrè wọn rọrùn: kí gan-an ni ẹja yìí ń tọ́ wò lẹ́nu tó fi ń sọ pé "oúnjẹ rèé"? Wọ́n tú àwọn èròjà inú ẹran tó ń fa ẹja mọ́ra sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń dán wọn wò títí wọ́n fi dé orí inosine àti ìbátan rẹ̀ kan, èròjà tó máa ń jáde bí ẹran ṣe ń tú ká lẹ́yìn ikú. Fún àwọn ẹja mìíràn, àwọn amino acid àti betaine, tó pọ̀ lára edé, ló ń ṣí ẹnu wọn. Lójú turbot, wóró tí kò ní àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe oúnjẹ tí kò dùn, òkúta ni. Kò sí ẹni tó ń fi agídí kọ òkúta.

Ní ìlú yẹn kan náà, àti ní Japan, wọ́n tún rí ohun kejì láàárín àwọn ọdún 1970, mo sì rò pé òun ló wúwo jù: òróró. Ọ̀pọ̀ ẹja odò lè gba òróró inú ewéko, kí ara wọn sọ ọ́ di irú òróró tí ọpọlọ àti ojú nílò. Ẹja òkun kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é, torí pé nínú òkun òróró náà ti wà lára gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ láti ìsàlẹ̀ wá. Ara wọn kò ní ìdí láti máa ṣe é. Nítorí náà bí ẹja òkun kan bá tilẹ̀ gbà láti jẹ oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ẹja odò, ó lè máa jẹun lójoojúmọ́ kó sì máa kú lọ. Artemia fúnra rẹ̀ ní àbùkù yìí: òróró tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn, DHA, kò sí lára rẹ̀ tó. Ní Ghent, ní Belgium, níbi tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí lórí Artemia sílẹ̀ ní 1978, wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ayé bí a ṣe ń fi òróró ẹja bọ́ Artemia kí a tó fi Artemia bọ́ ẹja. Bíi pé ẹ rọ edé náà yó, kí ẹ tó gbé e fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ẹ má gbàgbé ibi tí owó ìwádìí yìí ti wá. Turbot ni wọ́n ń jẹ ní Yúróòpù, red sea bream ni wọ́n ń jẹ ní Japan. Àwọn tó fẹ́ sin ẹja fún ọbẹ̀ ló sanwó. Àwọn tó ń sin ẹja fún ẹwà kàn jókòó sídìí àwo wọn ni.

Martin Moe ló wá yí ìbéèrè náà po. Onímọ̀ ẹja ni, Florida ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tọ́ clownfish láti inú ẹyin dé orí títà. Ẹja yìí ni gbogbo yín mọ̀ láti inú fíìmù *Finding Nemo* ti 2003: aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun. Kò ṣèèṣì jẹ́ òun ló ṣáájú. Clownfish máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ òkúta, akọ ló sì ń ṣọ́ ọ títí yóò fi pa lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lọ. Ọmọ tó jáde ti gùn ju ọmọ ọ̀pọ̀ ẹja òkun lọ, ẹnu rẹ̀ sì ti fẹ̀ tó láti gbé rotifer mì. Rotifer náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú adágún tí wọ́n ti ń sin ẹja eel ní Japan, ìyọnu ni wọ́n kà á sí, títí Takashi Ito fi fi hàn ní 1960 pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ sìn ín fún ọmọ ẹja. Lẹ́yìn rotifer, Artemia. Lẹ́yìn Artemia, oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú. Àtẹ̀gùn mẹ́ta.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nípa iṣẹ́ Moe kì í ṣe pé ó bí ẹja. Ọmọ clownfish tó gba àtẹ̀gùn yẹn dé òkè kò rí òkun rí. Kò sí oúnjẹ àtijọ́ tó ń wá kiri, kò sí ohun tó máa gbàgbé. Nígbà tí ẹni tó rà á bá da wóró sí i, ó ti mọ wóró láti kékeré bí a ṣe mọ ẹ̀kọ. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olólùfẹ́ ẹja ti ń bi ara wọn léèrè bí wọ́n ṣe lè yí ẹja òkun lọ́kàn padà. Moe fi hàn pé kò pọn dandan láti yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà bí ènìyàn bá lè dé ibẹ̀ kí ọkàn náà tó dá.

Gbogbo ẹja kọ́ ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Mandarin ni mo máa ń rántí. Albert Herre ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì, ní 1927, láti inú àwọn ẹja Philippines. Ara rẹ̀ dà bí àdìrẹ tí wọ́n rẹ nígbà méjì: àwọ̀ aró lábẹ́, ìlà ọsàn tó ń wọ́ lórí rẹ̀. Láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ló ń rìn jẹ́jẹ́ lórí àpáta, tó ń ṣa copepod, kòkòrò òkun tíntìntín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àpótí dígí kékeré, ó lè ṣa gbogbo wọn tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó wá máa rìn kiri lórí àpáta tó ti ṣófo, kí wóró máa já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máà tilẹ̀ wò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà olólùfẹ́ ẹja ń fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n má rà á. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ ORA ní Florida gbé mandarin tí wọ́n bí sínú dígí jáde fún títà, tó sì ń jẹ oúnjẹ oníwóró. Ẹja kan náà ni, ara kan náà, ẹnu kékeré kan náà.

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn tó ń da ẹyin wọn sí àárín agbami, tí ọmọ wọn kéré débi pé rotifer gan-an tóbi jù fún wọn. Àwọn wọ̀nyí ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ copepod, tó ṣòro láti sìn ní ọ̀pọ̀. Ní 2015, Oceanic Institute ní Hawaii tọ́ yellow tang dàgbà láti inú ẹyin lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ọmọ rẹ̀ ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Florida ṣe bẹ́ẹ̀ fún blue tang, ní ọdún tí *Finding Dory* jáde gan-an, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Nígbà tí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ní Hawaii sì dá kíkó yellow tang nínú òkun dúró ní 2021, èyí tí wọ́n bí sínú dígí ti wà lọ́jà.

Àwọn kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ wọn tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja kékeré kan wà ní Hawaii tó ń jẹ kòkòrò àti ìkẹ̀lẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara ẹja ńláńlá; orúkọ tí John Randall fún un ní 1958, *Labroides phthirophagus*, túmọ̀ sí ajẹ-iná-orí. Ẹja ńlá tò síwájú rẹ̀ nínú òkun bí oníbàárà níwájú onígbàjámọ̀. Nínú àpótí dígí tó ní ẹja mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà kó tó tán. Àwọn ẹja labalábá kan náà wà tí orí iyùn ààyè nìkan ni wọ́n ń jẹ. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà.

Ní oko tí mo ti ṣe IT, agolo tuntun dé ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a kó òkú tán. Ní ìgbà tó tẹ̀ lé e tí a pa ọmọ ẹja, a fún wọn ní Artemia nìkan fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí po lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn, ìka kan láàárọ̀, ìka kan lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo da lẹ́búlẹ́bú nìkan sí igun kan nínú táǹkì, mo sì dúró. Wọ́n wá. Ọ̀gá wa wò ó, kò sọ nǹkan kan nípa agídí mọ́, ó kàn ní kí n lọ kọ ọjọ́ tí a ṣí agolo sára ìdérí rẹ̀.